Ẹni Tí Ó Ń Ran Ẹlòmíràn Lọ́wọ́ Láti Borí, Ṣé Ó Pàdánù?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń dun ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lọ́kàn, ṣùgbọ́n tí wọn kì í fẹ́ sọ jáde lẹ́nu. Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, bóyá ó ti ṣe ọ́ rí. O mọ ìṣirò. Ọ̀rẹ́ rẹ kan nínú kíláàsì kò mọ̀ ọ́n. Ó wá bá ọ ní ìrọ̀lẹ́ pé kí o là á yé òun, o sì jókòó tì í títí ó fi yé e. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, òun ni ó gba ipò kìíní, ìwọ sì gba ipò kejì. Gbogbo ènìyàn ń kí i kú oríire; kò sí ẹni tí ó rántí pé ìwọ ni o kọ́ ọ. Ní òru ọjọ́ náà, bí o ti dùbúlẹ̀ sórí ẹní rẹ, ọkàn rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ́ léèrè pé: Kí ni èrè tèmi? Ǹjẹ́ kì í ṣe ìwà òmùgọ̀ ni mo hù yìí?

Má ṣe rò pé ọmọdé nìkan ni ìbéèrè yìí ń dà láàmú. Àwọn àgbà ń bi ara wọn ní ibi iṣẹ́, àwọn àbúrò ń bi ara wọn nínú ilé ẹ̀gbọ́n, àwọn tí ó ti ran ènìyàn lọ́wọ́ dé ipò ọlá ń bi ara wọn ní ìkọ̀kọ̀. Òwe wa sọ pé ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Òwe náà dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rí i pé òun nìkan ni ó ń wẹ ẹlòmíràn ní ojoojúmọ́ lè fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọn yóò wẹ òun náà. Kí a bàa lè yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa, jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan fún ọ, tí ó fi kẹ̀kẹ́ gígùn ṣe iṣẹ́ òòjọ́ fún nǹkan bí ogún ọdún, tí ó sì jẹ́ pé fún ìgbà pípẹ́, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mú kí ẹlòmíràn borí. Orúkọ ọkùnrin náà ni Geraint Thomas.

Ọmọ ilẹ̀ Wélsì ni. Ilẹ̀ kékeré ni Wélsì, ní apá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Brítéènì. Aládùúgbò ni àwọn ará ibẹ̀ jẹ́ sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọ́n ní èdè tiwọn àti àṣà tiwọn, wọn kì í sì í fẹ́ kí a pe àwọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní Cardiff, olú-ìlú wọn, ni a bí Thomas sí ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún, ọdún 1986. Láti kékeré ni ó ti wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tí ń gun kẹ̀kẹ́ ní pápá Maindy ní ìlú náà. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Ní ọdún 2004, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó borí nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ní Paris–Roubaix, ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti ń gun kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀nà àtijọ́ tí a fi òkúta tẹ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó ṣubú nígbà tí ó ń ṣe ìgbaradì ní ìlú Sydney ní Australia. Ẹ̀yà ara kan bẹ́ nínú ikùn rẹ̀, àwọn oníṣègùn sì ní láti gé e kúrò. Ẹlòmíràn ìbá ti tìtorí èyí ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Òun padà sórí tirẹ̀.

Nínú gbogbo ìdíje kẹ̀kẹ́ ní ayé, kò sí èyí tí ó lókìkí tó Tour de France, tí wọ́n fi ń yí ilẹ̀ Faransé ká. Ọdún 1903 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń gùn ún, ní ìpele 21, ọ̀nà náà sì ju 3,000 kìlómítà lọ, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ní orí òkè. Wọ́n ń ka àkókò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lò lójoojúmọ́, wọ́n sì ń rò ó pọ̀. Ẹni tí àròpọ̀ tirẹ̀ bá kéré jù lọ ni olúborí. Ẹni tí ó bá ń ṣíwájú ni ó ń wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè, kí gbogbo ènìyàn lè dá a mọ̀. Ní ọdún 2007 ni Thomas kọ́kọ́ gun ìdíje yìí. Òun ni ó kéré jù lọ ní ọjọ́ orí nínú gbogbo wọn. Ẹni 141 ni ó gun ún dé òpin. Thomas ni ó ṣe ipò 140. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ mi tó kàn bàa lè yé ọ, ó yẹ kí o mọ bí iṣẹ́ náà ti rí. Bí o bá ti gun kẹ̀kẹ́ ológeere lójú afẹ́fẹ́ rí, o mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá ẹni tí ó ń sáré. Bí eré bá ti ń pọ̀ sí i ni afẹ́fẹ́ ń ti ènìyàn sẹ́yìn sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá wà níwájú rẹ, tí o sì sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, òun ni yóò máa la afẹ́fẹ́ náà, agbára tí ìwọ yóò lò yóò sì dín kù púpọ̀. Nítorí náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń kéde, kò sí ẹni tí ó lè dá a borí. Ní ẹgbẹ́ ní ẹgbẹ́ ni wọ́n ń wá. Ẹnì kan ni olórí nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn yòókù ni wọ́n ń sìn ín. Wọ́n ń la afẹ́fẹ́ fún un. Wọ́n ń rọra padà sẹ́yìn lọ sí ìdí ọkọ̀ ẹgbẹ́ wọn, wọn a ki ìgò omi bọ ẹ̀yìn ẹ̀wù, wọn a sì tún sáré gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí táyà olórí bá jò, ẹlòmíràn lè yọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ fún un, kí òun fúnra rẹ̀ dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà. Orúkọ tí àwọn Faransé fún irú oníkẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ kò fi ohunkóhun pa mọ́: ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọmọ ọ̀dọ̀.

Irú ọmọ ọ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Thomas jẹ́. Má sì ṣe rò pé nítorí pé kò ní ẹ̀bùn ni. Nínú Ìdíje Òlíńpíìkì ti ọdún 2008 ní Beijing, àti ti ọdún 2012 ní London, ó wà lára àwọn mẹ́rin tí ó gba wúrà nínú eré kẹ̀kẹ́ inú pápá. Eré náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a máa gba ipò iwájú lọ́wọ́ ara wọn láti la afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹni kẹta bá kọjá ilà ni a ń ka àkókò wọn sí. Bí ẹni kìíní bá yára bí àṣá, tí ó fi ẹni kẹta sílẹ̀ sẹ́yìn, asán ni eré rẹ̀.

Ní ọdún 2010, Thomas wọ ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Team Sky. Ẹnì kan tí wọ́n ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ mìíràn ní ọdún 2008 wà níbẹ̀ pẹ̀lú: Chris Froome, tí a bí ní Nairobi ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Nígbà tí ó fi di ọdún 2013, Froome ti di olórí ẹgbẹ́ fún ìrìn-àjò ilẹ̀ Faransé. Ní ọjọ́ kìíní ìdíje náà, ní erékùṣù Corsica, ọ̀pọ̀ oníkẹ̀kẹ́ ṣubú lu ara wọn, Thomas sì wà nínú wọn. Egungun ìbàdí rẹ̀ sán. Ní ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e, àti gbé ẹsẹ̀ kọjá sórí kẹ̀kẹ́ di ìṣòro fún un. Síbẹ̀ ó gun gbogbo ìpele 21 náà dé Paris, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí agbára rẹ̀ ti mọ. Froome gba ipò kìíní. Thomas tún gba ipò 140, gẹ́gẹ́ bí ó ti gbà á ní ọdún 2007. Èmi kò sọ èyí kí ìwọ náà lè máa fi egungun tí ó sán sáré o. Ọ̀rọ̀ oníṣègùn ni kí o máa gbọ́. Mo sọ ọ́ kí o lè mọ̀ pé lójú ẹni tí ó ń ka ìwé àkọsílẹ̀ nìkan, ọdún mẹ́fà ti kọjá, ọkùnrin yìí kò sì tíì sún síwájú ní ẹsẹ̀ kan.

Froome tún borí ní ọdún 2015, ní 2016, àti ní 2017. Ní ọdún 2015, bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè kan lọ sí ìlú Gap, ẹnì kan kọ lu Thomas. Ó fi orí gbá òpó, ó sì ṣubú sínú kòtò, ṣùgbọ́n wọ́n fà á jáde, ó sì ń gùn lọ. Ní ọdún 2017, ó borí ní ìpele kìíní ní ìlú Düsseldorf ní ilẹ̀ Jámánì, ó sì wọ ẹ̀wù ìyeyè fún ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí ó di ìpele kẹsàn-án, ó ṣubú, egungun èjìká rẹ̀ ṣẹ́, ó sì ní láti padà sílé.

Nísinsin yìí, ọ̀rẹ́ mi, bi ara rẹ léèrè: Bí ìtàn náà bá parí síbí, kí ni ìwọ yóò sọ nípa ọkùnrin yìí? Ṣé ó fi ayé rẹ̀ ṣòfò? Fi ìdáhùn rẹ pa mọ́ ná, nítorí pé ìtàn kò parí síbẹ̀.

Ní ọdún 2018, Thomas di ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Froome ń wá ìborí karùn-ún. Bí ó bá rí i gbà, yóò bá àwọn tí ó borí jù lọ nínú ìtàn ìdíje náà dọ́gba. Ṣùgbọ́n ní ọdún náà, ẹsẹ̀ Thomas ni ó yá jù. Ó borí ní ìpele 11 ní La Rosière. Ní ọjọ́ kejì, ó tún borí ní orí òkè Alpe d'Huez, tí ọ̀nà rẹ̀ ní kọ́ńà 21. Ó wọ ẹ̀wù ìyeyè. Ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún: ta ni olórí gan-an? Ní ìpele 17, lójú òkè ńlá kan ní ààlà ilẹ̀ Faransé àti Spéènì, Froome kò lè bá àwọn aṣíwájú lọ mọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí wọ́n ti sìn ní ìgbà mẹ́rin di ẹni tí ó ń sin ẹlòmíràn. Kò dìtẹ̀, kò sì bínú kúrò. Nígbà tí wọ́n dé Paris, Thomas ni ó gba ipò kìíní, Froome sì gba ipò kẹta. Ọmọ Wélsì kankan kò borí nínú ìdíje náà rí ṣáájú rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta Yúrò ni owó ẹ̀bùn olúborí, àṣà àwọn oníkẹ̀kẹ́ sì ni pé kí olúborí pín owó náà fún àwọn tí ó sìn ín.

Mo mọ ohun tí o ń rò. O ń rò pé: "Ó dára bẹ́ẹ̀, èmi náà yóò máa sìn, nítorí pé ọjọ́ tèmi ń bọ̀." Rárá o. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ tí o rí kọ́ nìyẹn, ìtàn náà kò tíì yé ọ. Òótọ́ kan wà tí kò yẹ kí a fi pa mọ́ fún ọ̀dọ́: ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó ti la afẹ́fẹ́ fún ẹlòmíràn títí wọ́n fi darúgbó nínú eré náà, tí ọjọ́ tiwọn kò dé. A kò mọ orúkọ wọn. Bí iṣẹ́ ìsìn bá dára kìkì nítorí pé ó lè mú èrè wá lẹ́yìn ọ̀la, a jẹ́ pé òmùgọ̀ ni gbogbo àwọn wọ̀nyẹn. Ẹni tí ó sì ń sìn pẹ̀lú ìrètí bẹ́ẹ̀ nìkan dà bí ẹni tí ó yáni lówó: ojú ọ̀nà ni ó ń wò, ó ń retí èlé.

Kí wá ni ó mú kí ìsìn dára? Wo ohun tí Thomas ṣe lẹ́yìn tí ó ti jẹ oyè tán, nítorí pé ìgbà náà ni a ń mọ ọkàn ènìyàn. Nígbà tí ó borí ní ọdún 2018, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún kan láti ilẹ̀ Kòlóńbíà wà lára àwọn tí ó sìn ín. Egan Bernal ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2019, àwọn méjèèjì jọ tún lọ. Lórí òkè gíga kan tí a ń pè ní Iseran, Bernal já síwájú. Thomas ni ó borí ní ọdún tí ó kọjá. Ó fẹ́ borí lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n kò lépa ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì la afẹ́fẹ́ fún àwọn ọ̀tá láti lé e bá. Bernal ni ó borí. Thomas ṣe ipò kejì.

Èyí tí ó wú mi lórí jù lọ ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ítálì ní ọdún 2023, nínú ìdíje tí wọ́n fi ń yí ilẹ̀ náà ká. Thomas ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì. Nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì péré kí ìdíje náà parí, òun ni ó wà níwájú gbogbo wọn pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 26. Ní ọjọ́ kejì sí òpin, wọ́n gun òkè Lussari, olúkúlùkù ní òun nìkan. Primož Roglič, ọmọ ilẹ̀ Slovenia, fi ìṣẹ́jú àáyá 40 yára jù ú lọ. Báyìí ni Thomas ṣe fi ìṣẹ́jú àáyá 14 pàdánù ohun tí ó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá. Ṣe o mọ bí ìṣẹ́jú àáyá 14 ti kéré tó? Kí o tó kà á tán, ó ti lọ. Ní ọjọ́ kejì, ní ìlú Róòmù, kò sí ohun tí ó kù fún un mọ́ ju kí ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kan, Mark Cavendish, wà nínú àwọn tí yóò du ìpele ìkẹyìn náà. Ẹgbẹ́ mìíràn ni Cavendish wà. Bí wọ́n ti ń sún mọ́ òpin, Thomas bọ́ síwájú, ó la afẹ́fẹ́ fún un. Cavendish sì borí. Ẹgbẹ́ Thomas kò rí nǹkan kan gbà nínú rẹ̀. Kò sì sí ẹni tí ìbá bá a wí bí ó bá jókòó jẹ́ẹ́ sí àárín èrò, tí ó ń ronú ìpàdánù rẹ̀.

Níhìn-ín ni ìdáhùn wà. Ẹni tí ó ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí kò sí èrè, tí ìbànújẹ́ tirẹ̀ sì wúwo lọ́rùn rẹ̀, ti fi hàn pé ìrànlọ́wọ́ kì í ṣe owó tí òun fi ń ra oyè. Ìwà rẹ̀ ni. Bí ó bá borí, ìwà náà ń bẹ pẹ̀lú rẹ̀. Bí kò bá borí, kò fi í sílẹ̀. Nítorí náà, bí ìtàn Thomas ìbá tilẹ̀ parí ní ọdún 2017, èmi ìbá tún sọ pé kò fi ayé rẹ̀ ṣòfò.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ mi yìí rẹ́ ọ jẹ. Ìsìn yàtọ̀ sí ìrẹ́jẹ, ó sì yẹ kí o mọ ìyàtọ̀ wọn. Èkíní, Thomas mọ iṣẹ́ tí ó gbà, ó sì gbà á tinútinú. Kò sí ẹni tí ó tàn án. Èkejì, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti olórí lọ, wọn kò dè é mọ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó borí mọ̀ pé òun jẹ gbèsè, ó sì ń san án, ní owó àti ní ìsìn. Bí ẹnì kan bá ní kí o ran òun lọ́wọ́ nípa kíkọ ìdánwò fún òun, ìyẹn kì í ṣe ìsìn, irọ́ ni. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ kí o máa gbé òun pọ̀n títí láé, tí kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ tìrẹ fúnra rẹ̀ mọ ọ̀nà, o lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwọ ni ẹni tí a ràn lọ́wọ́, rántí Froome. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, ó dà bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ ẹnu kò tó. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹni tí ó ti ń la afẹ́fẹ́ fún ọ yóò lágbára jù ọ́ lọ. Ní ọjọ́ náà, ṣé ìwọ yóò lè bọ́ síwájú kí o la afẹ́fẹ́ fún òun náà? Ìdánwò yìí le ju ti ẹni tí ń sìn lọ, nítorí pé ẹni tí ó ti jókòó lórí àga kì í fẹ́ rántí pé òun ti dúró rí.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025, Geraint Thomas gun ìdíje rẹ̀ ìkẹyìn. Ó parí ní Cardiff, ìlú tí a ti bí i, láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì ni.

Jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ tí o kọ́ ní ìṣirò. Ó gba ipò kìíní, ìwọ gba ipò kejì. Ìmọ̀ tí o fún un kò dín kù lọ́wọ́ rẹ. Bóyá ó tilẹ̀ pọ̀ sí i, nítorí pé ẹni tí ó ń kọ́ni ń kọ́ ara rẹ̀. Má ṣe purọ́ fún ara rẹ pé ipò kejì náà kò dùn ọ́. Ó dun Thomas náà ní Lussari. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, kí ọ̀rẹ́ rẹ náà sì tún gbé ìwé rẹ̀ wá pé ibì kan ṣì ṣókùnkùn sí òun, sún díẹ̀ lórí àga rẹ, kí o jẹ́ kí ó jókòó.